Ìbẹ̀rù Tí Kò Ní Ìwọ̀n: X-ray, Eruku Sàhárà àti Àwọn Ará Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá gba ojú títì láti Ìyànà Ìpájà kọjá sí Ẹgbẹ́dá, tó ti ibẹ̀ dé Ìkọ̀tún, tó sì yà sí Ìgàndò, yóò máa rí pátákó ilé àyẹ̀wò lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ jù lára wọn: "X-ray" àti "Scan". Tàgbà tèwe ló ti mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà ti mọ́ni lẹ́nu tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń jẹ́ ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó. Aboyún kan á ní òun kò ní ṣe scan mọ́, nítorí wọ́n ní iná inú rẹ̀ ń jó ọmọ. Bàbá kan tí orí ń fọ́ á ní kí wọ́n gbé òun wọ inú ẹ̀rọ CT, kò sì ní béèrè ohun tí dókítà ń wá. Ẹnì kẹta, tó ti ń wúkọ́ láti bí oṣù kan, á ní òun kò lè ya àwòrán àyà, nítorí òun ti ya ọ̀kan lọ́dún yìí, iye tí ara lè gbà sì ti pé.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aboyún ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tí kò ní ìtànṣán kankan nínú. Bàbá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ìtànṣán tirẹ̀ yóò pọ̀ jù. Ẹni tó ń wúkọ́ sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ará ilé rẹ̀ wéwu nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ìbẹ̀rù náà ti dorí kodò. Síbẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀ ló bí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ejò kan wà lóòótọ́, ó sì bu ènìyàn jẹ. Ohun tó sọnù lójú ọ̀nà ni ìwọ̀n: bí ejò náà ti tóbi tó, ibi tó wà, àti ẹni tó bù jẹ. Ìtàn nìkan ló lè dá ìwọ̀n yẹn padà.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Wilhelm Röntgen ń fi iná mànàmáná ṣe àyẹ̀wò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ó ti fi páálí dúdú bo ìgò tí iná náà ń gbà kọjá, síbẹ̀ ó rí i pé ohun kan tí wọ́n kun ní kẹ́míkà ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Nǹkan kan ń ti inú ìgò náà jáde tí ojú kò rí, ó sì ń la páálí kọjá. Nítorí pé kò mọ ohun tó jẹ́, ó pè é ní X, àmì tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dúró fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ó ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, Anna Bertha. Eegun ìka rẹ̀ hàn kedere, òrùka sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1901, Röntgen di ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

Kí ọdún 1896 tó parí, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi ìtànṣán yìí wá ọta ìbọn àti eegun tó ṣẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kò ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Kò gbóná, kò rùn, kò dún, kò sì ta ènìyàn lára. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà a máa fi ọwọ́ ara wọn dán ẹ̀rọ wò lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pe aláìsàn wọlé. Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó di egbò, egbò di jẹjẹrẹ. Wọ́n gé apá rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ ó kú ní ọdún 1904, Edison sì pa iṣẹ́ X-ray tì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Elizabeth Fleischman, obìnrin tí iṣẹ́ X-ray sọ di olókìkí ní San Francisco, kú ní ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 1936, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìwòsàn St. Georg ní Hamburg, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ìtànṣán pa sẹ́nu iṣẹ́ sí i. Orúkọ 169 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rù X-ray wo òkúta yẹn dáadáa. Kì í ṣe aláìsàn tó wá ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan ni orúkọ wọn wà níbẹ̀. Dókítà ni wọ́n, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n, tí ìtànṣán ń wọ̀ lára lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ìdíwọ́n, láìsí ògiri láàárín. Ẹni tó ń dáná nídìí ààrò láti àárọ̀ di alẹ́ àti ẹni tó kàn wá ṣáná níbẹ̀ kò lè gba ooru kan náà.

Ikú wọn ló bí ìlànà ààbò. Ní ọdún 1928, ní ìlú Stockholm, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá ìgbìmọ̀ àgbáyé kan sílẹ̀ lórí ààbò lọ́wọ́ X-ray àti radium. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà títí di òní, ICRP ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹ̀kọ́ ààbò kò ju ohun mẹ́ta lọ: dín àkókò kù, jìnnà sí ibi tí ìtànṣán ti ń wá, fi ohun tó le dí i lọ́nà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè tó ń kọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóminú ní yàrá X-ray: bí nǹkan yìí kò bá léwu, kí ló dé tí ẹni tó ń yà á fi ń sá sẹ́yìn ògiri? Ìdí ni pé aláìsàn yóò gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ sílé. Òṣìṣẹ́ náà yóò ya ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lóòjọ́, fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sá nítorí àwòrán kan yẹn. Ó sá nítorí gbogbo àwòrán tí yóò yà títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ká ní Dally ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìbá dàgbà darúgbó.

Eruku láti Sàhárà

Ohun tó gbin ìbẹ̀rù ìtànṣán sí ọkàn aráyé kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bọ́m̀bù ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, Amẹ́ríkà ju bọ́m̀bù átọ́ọ̀mù sórí Hiroshima àti Nagasaki ní Jàpáànù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àti ọdún, nípasẹ̀ àìsàn tí ojú kò rí ohun tó fà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, radiation, ti di orúkọ fún bọ́m̀bù àti fún àwòrán àyà bákan náà.

Ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rù náà gba ọ̀nà aṣálẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1960, ìjọba Faransé dán bọ́m̀bù átọ́ọ̀mù rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà lórí ilẹ̀ Àlùjíríà. Wọ́n dán èkejì wò ní oṣù Kẹrin. Ẹ̀kẹta dún ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àsìkò ọyẹ́ ni. Kò sí àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tó nílò ọ̀jọ̀gbọ́n láti sọ ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá fún un. Eruku Sàhárà ni ó máa ń bà lé aṣọ tí wọ́n sá, lé ewé kókó àti lé omi tó wà níta. Bí bọ́m̀bù bá dún níbẹ̀, ta ni yóò sọ pé èéfín rẹ̀ kò ní bá ọyẹ́ wá sí Ìbàdàn àti Èkó? Ní ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé, ó sì lé aṣojú wọn kúrò nílùú.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò fi ìbínú nìkan dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn. Ní ọdún 1964, ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán ní Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì. Iṣẹ́ wọn ni láti wọn ohun tí atẹ́gùn gbé wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n tún ń wọn ìtànṣán tó ń dé ara àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo X-ray nílé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù ba orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan gbé òṣùwọ̀n jáde, wọ́n ní kí á kọ́kọ́ wò ó bó ti tó.

Ìtàn Sàhárà ló tún lè tú àṣìṣe kan tó fìdí múlẹ̀ gan-an ká. Ọ̀pọ̀ gbà pé tí ènìyàn bá ti ya X-ray, nǹkan náà á jókòó sí ara, á máa pọ̀ sí i, yóò sì lè ran ọmọ tó bá gbé mọ́ra. Eruku bọ́m̀bù máa ń ṣe irú èyí lóòótọ́: á bà sórí koríko, màálù á jẹ ẹ́, á bọ́ sínú wàrà, á sì wọ eegun ọmọdé. Ṣùgbọ́n X-ray kì í ṣe eruku. Ìmọ́lẹ̀ ni. Tí wọ́n bá pa gílóòbù nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kì í wá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bákan náà ni ìtànṣán ẹ̀rọ X-ray ń parí lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti pa á. Ó lè fi àmì sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó gbà kọjá, bí oòrùn ti ń fi àmì sí awọ ara, ara sì ń tún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìtànṣán fúnra rẹ̀ kò dúró sí ibì kankan. Ìyá tó ya X-ray lówùúrọ̀ lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú kó tó kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn.

Ọdún 1988 tún fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì sí ìlú kékeré Koko, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí aráàlú mú kúrò níbẹ̀ ni pé oró tí ojú kò rí lè wọlé, kí aláṣẹ má mọ̀. Òfin tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1995, ìjọba ṣe òfin lórí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán àti agbára átọ́ọ̀mù, àjọ NNRA tó ń mú un ṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001. Ní ìlànà òfin, kò sí ilé àyẹ̀wò kan, ní Ìkọ̀tún tàbí níbikíbi ní Nàìjíríà, tó gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ X-ray láìgba ìwé àṣẹ.

Aboyún àti ẹ̀rọ tó gbà á là

Ní ti aboyún, ìbẹ̀rù náà tọ̀nà nígbà kan. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn dókítà Yúróòpù a máa ya X-ray ikùn aboyún láti mọ bí ọmọ ti sùn àti bóyá ìbejì ni. Ní àárín àwọn ọdún 1950, obìnrin dókítà kan ní Oxford, Alice Stewart, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè wá àwọn ìyá tí jẹjẹrẹ pa ọmọ wọn. Ó rí i pé X-ray nínú oyún wọ́pọ̀ láàárín wọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn ìyá mìíràn. Ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó yí àṣà wọn padà.

Ní àkókò kan náà, ní Glasgow, Ian Donald ń wá ọ̀nà mìíràn. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irin ń fi ìró tí etí kò gbọ́ wá ibi tí irin ti sán. Ó yá irú ẹ̀rọ náà, ó fi wo inú ènìyàn. Ní ọdún 1958, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde. Ìyẹn ni scan tí aboyún ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò lónìí. Ìró ni, kò sí ìtànṣán X-ray kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn kan ń sá fún pé ó ń jó ọmọ gan-an ló gba ọmọ inú oyún lọ́wọ́ X-ray. Scan tí kò nídìí ń ná ènìyàn lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n aboyún tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá lè má mọ̀ pé ibi ọmọ ti dí ọ̀nà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dé.

Bí ìbẹ̀rù ti lè gba ẹ̀mí là, bẹ́ẹ̀ ló lè pa. Nígbà tí iléeṣẹ́ átọ́ọ̀mù Chernobyl bú gbàmù ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, eruku rẹ̀ tí ó dé ilẹ̀ Gíríìsì kéré gan-an. Síbẹ̀, ìpayà dé bá àwọn aboyún àti àwọn dókítà wọn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìwé ìbí wò lẹ́yìn náà ṣírò rẹ̀ pé oyún tó tó 2,500, tí àwọn òbí ń fẹ́, ni wọ́n ṣẹ́ nítorí ìbẹ̀rù yẹn. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ ICRP sọ ọ́ ní gbangba pé ìtànṣán tí kò bá dé 100 milligray lára ọmọ inú kò tó ìdí láti ṣẹ́ oyún. X-ray àyà ìyá kì í fi ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún milligray kan dé ara ọmọ. Aboyún ní láti sọ pé òun lóyún, kí wọ́n lè yan ẹ̀rọ tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán àyà kó tó mọ̀ pé oyún ti wà nínú òun kò ní ìdí láti wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ.

Orúkọ kan, ẹ̀rọ mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ náà "scan" fúnra rẹ̀ ti di ìdẹkùn, nítorí ẹ̀rọ mẹ́ta tí kò bára wọn tan ló ń jẹ́ ẹ. Ti ìró wà, tí aboyún ń ṣe. CT wà, tí Godfrey Hounsfield ṣe ní Bírítéènì, tí wọ́n sì fi wo orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní London ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1971. X-ray ni èyí, ó ń yí ara ènìyàn po, kọ̀ǹpútà sì ń kó àwòrán rẹ̀ jọ. Ẹ̀kẹta ni MRI, òòfà ńlá àti ìgbì bíi ti rédíò ló ń lò, kò ní X-ray rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ "nuclear" wà nínú orúkọ MRI, nítorí inú ọkàn átọ́ọ̀mù ni òòfà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń lé aláìsàn sá. Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹ̀rọ náà. Orúkọ nìkan ló yí, ẹ̀rù sì lọ.

Àwọn kan tún fi X-ray wé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n rí ara ìbátan wọn tó dúdú níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní sún mọ́ X-ray. Iṣẹ́ ìtànṣán yẹn ni láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ ju ti àwòrán àyà lọ ní ìlọ́po tó ju 100,000. Fífi ọ̀kan wé èkejì dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ̀ láti mu omi nítorí pé òkun gbé ẹnì kan lọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Kò sí ọjọ́ kan tí ìtànṣán kì í kan ènìyàn. Ó ń ti inú ilẹ̀, àpáta, oúnjẹ àti ojú ọ̀run wá. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ fi ìpíndọ́gba rẹ̀ sí millisievert 2.4 fún ẹnì kan lọ́dún. Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí ìtànṣán lè ṣe sí ara, bí wọ́n ti ń fi kóńgò wọn gàrí. X-ray àyà kan wà láàárín 0.02 sí 0.1, èyí tó jẹ́ ohun tí ayé yóò fún ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjì. CT orí tó nǹkan bí 2. CT ikùn tó nǹkan bí 8 sí 10, ìyẹn tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Scan ìró àti MRI kò ní ìkankan.

Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n yìí yóò mọ ibi tó yẹ kí ìbéèrè wà. Kì í ṣe lórí àwòrán àyà. CT ni ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìdí rẹ̀, pàápàá fún ọmọdé, nítorí sẹ́ẹ̀lì ọmọdé ń dàgbà lọ́wọ́, ọjọ́ iwájú rẹ̀ sì gùn. Ìwádìí kan tó jáde ní Bírítéènì ní ọdún 2012, lórí ọ̀dọ́ tó sún mọ́ 180,000 tí wọ́n ti ṣe CT, rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ fi díẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tí tiwọn pọ̀ jù. Ewu náà kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Fún ọmọ tó já bọ́ láti orí ọ̀kadà tó sì dákú, CT lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kò sì sí ìdí láti jáfara. Fún ẹ̀fọ́rí lásán tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ìṣirò kan náà ló tú àṣìṣe "iye tí ara lè gbà lọ́dún" ká. Iye wà lóòótọ́: 1 millisievert lọ́dún fún aráàlú, 20 fún òṣìṣẹ́ ìtànṣán ní ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún aláìsàn. Ohun méjì ni òfin ń béèrè ní ti aláìsàn: kí ìdí wà fún àwòrán náà, kí wọ́n sì lo ìwọ̀n tó kéré jù tí àwòrán yóò fi hàn dáadáa. Bí ìdí bá wà fún àwòrán àyà mẹ́ta lọ́dún kan, mẹ́ta ni yóò jẹ́. Bí ìdí kò bá sí, ọ̀kan pàápàá ti pọ̀ jù.

Aṣọ òjé náà ní ìtàn tirẹ̀. Fún ohun tó ju ọgọ́ta ọdún lọ ni wọ́n fi ń bo abẹ́ aláìsàn. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dẹ́kun fífi í bo gbogbo aláìsàn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ̀rọ òde òní ń lo ìtànṣán tó kéré sí ti àtijọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, aṣọ náà sì lè bo ibi tí dókítà fẹ́ rí, kí wọ́n wá ní láti ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, àìrí aṣọ òjé nìkan kò tó ẹ̀rí pé wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú aláìsàn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo Èkó mọ́lé, ìròyìn kan kárí orí fóònù pé ìtànṣán 5G ló ń pa ènìyàn. Àjọ NCC ní láti jáde sọ pé 5G kò tíì sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìgbì fóònù kò tilẹ̀ ní agbára tó lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bí X-ray ti lè ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún fa ìpayà náà, orúkọ kan ṣoṣo fún ohun púpọ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Alímọ̀ṣọ́ ló ní èrò jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó ju 1,200,000 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé tuntun kò dẹ́kun láti ìgbà náà. Níbi tí ènìyàn ti fún mọ́ra báyìí, nínú yàrá kan ṣoṣo àti nínú dáńfó tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, ikọ́ ife kò nílò ọ̀nà jíjìn láti dé ara ẹlòmíràn. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife ti pọ̀ jù láyé. Àwòrán àyà wà lára ohun tó tètè ń tọ́ka rẹ̀, kí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí obìnrin tó ń tajà ní ọjà Ìkọ̀tún bá kọ àwòrán àyà nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ tó lè má dé láéláé, tí ikọ́ ife sì wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá a sùn ni yóò san gbèsè ìbẹ̀rù náà. Ìtọ́jú ikọ́ ife sì wà ní ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ewu gidi ní Alímọ̀ṣọ́ wà níbi tí ọ̀pọ̀ kì í wò: ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, yàrá tí ògiri rẹ̀ tinrín tí aládùúgbò sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ tó ń ya àwòrán kan nígbà mẹ́ta kó tó hàn. Fún ìwọ̀nyí, òfin ti wà. NNRA ń fún ẹ̀rọ ní ìwé àṣẹ. HEFAMAA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ń bojú tó ilé ìwòsàn àti ilé àyẹ̀wò. Ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán inú ara sílẹ̀ sì ti wà lábẹ́ òfin láti ọdún 1987. Aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé méjèèjì, ti ẹ̀rọ àti ti ẹni tó ń lò ó.

Ìbéèrè mìíràn wà fún dókítà: kí ni àwòrán yìí yóò yí padà nínú ìtọ́jú? Ǹjẹ́ scan ìró lè dáhùn ohun tí wọ́n fẹ́ fi CT wá? Ẹni tó bá ti ya àwòrán rí, kó tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀, kó sì gbé e lọ́wọ́ lọ, ìbáà jẹ́ Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò ní Ìgàndò tàbí ilé àyẹ̀wò aládàáni, kí wọ́n má baà tún yà á lásán.

Ní ọdún 1964, nígbà tí eruku Sàhárà ń já orílẹ̀-èdè tuntun kan láyà, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn kò sọ pé kí aráàlú má bẹ̀rù, wọn kò sì sọ pé kí wọ́n sá. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹni tó jókòó sí iwájú yàrá X-ray ní Ìgàndò lówùúrọ̀ ọ̀la, tí ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kó béèrè ìdí, kó béèrè ìwé àṣẹ, kó sọ bí oyún bá wà. Lẹ́yìn náà, kó wọlé, kó fa èémí sínú, kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì máa lọ sílé lọ tọ́jú ara rẹ̀.